Ṣé káàdì ilé-ìkàwé tó láti fi múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìwakọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ó di oṣù mẹ́jọ tí mo ti wà ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Manchester, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà ni mo sì fi ń wakọ̀. Oṣù 12 péré ni òfin gbà wá láyè láti lò ó. Bí ó bá ti pé, n kò gbọdọ̀ dá wakọ̀ mọ́ àfi bí mo bá ti yege nínú ìdánwò tiwọn, ti orí kọ̀ǹpútà àti ti ojú títì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba káàdì ilé-ìkàwé àdúgbò wa lọ́fẹ̀ẹ́, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì sọ pé mo lè fi í kọ́ ẹ̀kọ́ ìdánwò ti orí kọ̀ǹpútà láti ilé láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá a lórí Google, owó ni wọ́n ń béèrè. Ta ló ti lò ó rí nínú yín? Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, n kò lè lọ jókòó ní kíláàsì, n kò sì fẹ́ kí £23 owó ìdánwò náà wọgbó.

Àkànní Peckham
Ẹ kú ìmúra, mà. Òótọ́ ni òṣìṣẹ́ náà sọ, ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé ni kò tọ́. Theory Test Pro, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń dánra wò fún ìdánwò náà, ni ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé máa ń sanwó rẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ojú ìwé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wọlé, wọn kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti sanwó fún yín. Láti ojú ìwé ilé-ìkàwé yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n kó àwọn ohun èlò orí íntánẹ́ẹ̀tì sí, kí ẹ wá tẹ nọ́ńbà káàdì yín síbẹ̀.

Ìbéèrè 50 ni wọn yóò bi yín láàárín ìṣẹ́jú 57, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba 43. Èyí kò bà mí lẹ́rù tó apá kejì, níbi tí wọ́n ti ń fi fídíò 14 hàn, tí ẹ óò sì máa tẹ mọ́óṣì bí ẹ bá ti rí ewu tí ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Máàkì 44 nínú 75 ni wọ́n ń fẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo ń tẹ̀ ẹ́ léraléra kí nǹkan kan má baà kọjá mi, kò sì yé mi pé bí ènìyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, òdo ni wọn yóò fún un lórí fídíò náà. Fún ìdí èyí, fídíò ni kí ẹ fi àkókò yín sí jù.

Olùkọ́ Àgbà
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Àkànní, àmọ́ ẹ má ṣe há ìdáhùn sórí. Àwọn ìbéèrè tí a fi ń dánra wò kọ́ gan-an ni wọ́n ń mú jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ ka Highway Code, ìwé òfin ojú ọ̀nà wọn, pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ ni lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba, kí ẹ lè mọ ìdí tí ìdáhùn kan fi tọ̀nà.

Àbẹ̀ní Ìwé
Ilé-ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Láti ọdún 1964 ni òfin ti gbé iṣẹ́ ilé-ìkàwé lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yan ohun tí yóò san owó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà bí ẹ bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹ lè má bá ohun kan náà níbẹ̀. Bí PIN káàdì ilé-ìkàwé yín bá ń dà yín láàmú, ẹ fóònù wá, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ó máa ń dùn mí gan-an láti rí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń ra ohun tí owó orí wọn ti rà fún wọn. Iye ènìyàn tí ó bá lo ohun èlò kan sì wà lára ohun tí a máa ń wò kí a tó tún owó rẹ̀ san, nítorí náà ẹ lò ó, kí ẹ sì sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti wọlé láti ojú ìwé ilé-ìkàwé, wọn kò béèrè owó kankan. Mo gba 36 nínú 50 ní àárọ̀ yìí lẹ́yìn iṣẹ́. Àmì ojú ọ̀nà àti bí ọkọ̀ tó wà lórí eré ṣe ń rìn jìnnà tó kí ó tó dúró ni mo ti ń ṣìnà jù. Mo ti ṣí Highway Code sí ojú ìwé àwọn àmì náà, fídíò ni ó kàn ní ọjọ́ Àìkú.