Láìtì àfikún lára mọ́tò kékeré: ohun tó ń jó swíìsì, àti bí a ṣe ń so wáyà rẹ̀

Láti Adó

Bí swíìsì fog light, láìtì kùrukùru, bá ń yọ́ lára dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má tíì lọ ra òmíràn. Iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló pọ̀ jù. Búlùbù H3 kan tó jẹ́ wáàtì 55 ń fa nǹkan bí áńpíà 4.6 lára bátìrì fólítì 12. Méjì ń fa 9.2. Swíìsì kékeré tó máa ń bá láìtì wá nínú páálí lè gbé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń gun òkè láti Arámọkọ lọ sí Ẹfọ̀n nínú kùrukùru ìdájí kò ní tètè pa á. Irin inú swíìsì á gbóná, ojú rẹ̀ á dúdú, rọ́bà á sì yọ́.

Relay ló ń gbà wá lọ́wọ́ èyí: swíìsì ńlá tí iná kékeré láti ara swíìsì dáṣíbọ́ọ̀dù ń tan. Ẹ ra ti fólítì 12, áńpíà 30 tàbí 40, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì ra ìjókòó rẹ̀, ibi tí a ń ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀, mọ́ ọn. Nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀: iná bátìrì ń wọlé ní 30, ó ń jáde lọ sí láìtì ní 87, wáyà swíìsì ń bọ̀ sí 86, 85 sì ń lọ sí earth, ìyẹn irin bọ́dì mọ́tò tó so mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Ohun tó ń gba inú swíìsì kọjá báyìí kì í tó áńpíà 0.25.

Sípánà 10 ni ẹ ó kọ́kọ́ mú, kí ẹ tú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Òun náà ni ẹ ó dè kẹ́yìn. Láti pọ́sítíìfù, ẹ fa wáyà 2.5 (ìwọ̀n sísanra rẹ̀ ní mílímítà onígun mẹ́rin) lọ sí ẹsẹ̀ 30, kí fíúsì áńpíà 15 sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀, kó má jìnnà sí orí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́. Bí bọ́dì bá gé wáyà níbi tí kò sí fíúsì ṣáájú rẹ̀, mọ́tò lè gbiná. Ẹni tó fi bébà sìgá dí ojú fíúsì tó já ti sọ gbogbo wáyà mọ́tò rẹ̀ di fíúsì, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí rewáyà (oníṣẹ́ iná mọ́tò) kankan ṣe é fún yín.

Láti 87, wáyà 1.5 ló ń lọ sí láìtì kọ̀ọ̀kan. Wáyà 1 tó fún swíìsì. Ní mọ́tò bíi Micra tàbí Yaris, mítà 2 wáyà 2.5, mítà 4 wáyà 1.5 àti mítà 4 wáyà 1 máa ń tó, á sì ṣẹ́ kù. Níbi tí wáyà swíìsì ti ń gba ara irin wọ inú mọ́tò, ẹ fi rọ́bà sí ihò náà. Etí irin mú bí abẹ. Ẹ de relay mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí omi òjò má baà dúró sínú ìjókòó rẹ̀.

Láti Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa ní Adó. Ẹ jẹ́ kí n fi ti wáyà kún un, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

Wáyà ilé olókùn kan ṣoṣo kì í ṣe ti mọ́tò. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á ṣẹ́ ẹ nínú rọ́bà rẹ̀, ẹ ò sì ní fojú rí i. Onírun púpọ̀, tí wọ́n ń pè ní flex, ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọ̀bẹ ha irun kan: bí inú rẹ̀ bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Ẹ dá a padà fún wọn.

Wáyà tín-ín-rín ń jẹ iná lójú ọ̀nà. Mítà 4 wáyà kọ́pà 1, tí áńpíà 9.2 ń gbà kọjá, ń jẹ nǹkan bí fólítì 0.64. Wáyà 2.5 tó gùn bákan náà ń jẹ 0.26 péré. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ búlùbù halogen tí fólítì rẹ̀ bá fi ìdá mẹ́wàá dín kù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pààrọ̀ búlùbù lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí láìtì ṣì ń ṣe bàìbàì.

Earth ló tún kù. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi máa dán, ẹ fi nọ́ọ̀tì de lọ́ọ̀gì (irin orí wáyà) mọ́ ọn, kí ẹ wá fi gíríìsì bò ó. Bọ́ńpà rọ́bà kì í ṣe earth. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dára, ẹ tan láìtì, ẹ mú mítà tí a fi ń wọn fólítì, ẹ fi ẹnu dúdú rẹ̀ kan nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí ẹ fi pupa kan ibi tí wáyà dúdú láìtì ti so mọ́ bọ́dì. Bó bá ju fólítì 0.2 lọ, ẹ tú u kí ẹ tún un ha. Ọ̀pọ̀ búlùbù tí wọ́n ní ó ti kú, earth rẹ̀ ló ti dípẹtà.

Láti Ọ̀yẹ́

Ohun méjì péré.

Relay ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ní 87a láàárín. Ẹsẹ̀ yẹn máa ń gbé iná nígbà tí relay bá sùn. Bí ẹ bá so láìtì mọ́ ọn, láìtì á máa tàn tí swíìsì bá wà ní pípa, á sì kú tí ẹ bá tan swíìsì. Bátìrì mọ́tò kékeré kò ní jí lówùúrọ̀.

Ìkejì, swíìsì tó ní iná nínú máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: iná wọlé, iná jáde sí relay, àti earth tí iná inú rẹ̀ ń lò. Earth sábà máa ń ní àwọ̀ tó yàtọ̀. Bí ẹ bá ṣì í gbé, tí earth bọ́ sórí ẹsẹ̀ tí iná ń gbà jáde, fíúsì á já bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú iná tó ń wọlé láti ibi tó ń kú tí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, kí ẹ fi fíúsì áńpíà 3 sí i, kí ẹni tó gbàgbé pa láìtì má baà pàdánù bátìrì rẹ̀.

Láti Ẹfọ̀n

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà wá lọ́wọ́ LED gígùn tí wọ́n ń dè sórí rúùfù. Ní kọ́nà òkè wa, ẹni tó ń bọ̀ níwájú kì í rí nǹkan kan mọ́, kòtò gbuuru sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nínú kùrukùru, ẹni tó tan án gan-an kò ríran: ìmọ́lẹ̀ tó wà lókè ń bá omi inú afẹ́fẹ́ pàdé, ó sì ń padà sójú awakọ̀. Fog light gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, lábẹ́ iná iwájú, kí ó máa tàn wọ abẹ́ kùrukùru. Pé ó jẹ́ yẹ́lò tàbí funfun kò ṣe pàtàkì tó ibi tó wà àti bí ẹ ṣe dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀.

Bí a ṣe ń dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ rèé. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ògiri wà ní mítà 10 níwájú, kí afẹ́fẹ́ táyà pé, kí ẹrù tí ẹ sábà ń gbé sì wà nínú bùùtù, torí ẹrù ẹ̀yìn ń gbé imú mọ́tò sókè. Ẹ wọn gíga àárín láìtì sí ilẹ̀. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, etí òkè ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní 25 lára ògiri. Ẹ wá fún nọ́ọ̀tì le.

Ẹ má sì gba wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí LED gbọ́. Bí mítà bá ka áńpíà 3 ní fólítì 13, wáàtì 39 ni, bí wọ́n tilẹ̀ kọ 120.

Láti Ìkọ́lé

Ẹni tó bá fẹ́ kí spotlight máa bá fúúlù (iná iwájú tó ń tàn jìnnà) tàn, kó ṣọ́ra lára ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́. Lára wọn, iná pọ́sítíìfù kan náà ló ń lọ sí búlùbù H4, tí dímù àti fúúlù jọ wà nínú rẹ̀. Earth ni swíìsì ọwọ́ ń já tó sì ń so. Bí ẹ bá gbé 86 lọ sára wáyà fúúlù bí a ti ń ṣe lára mọ́tò mìíràn, relay kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ fi mítà wò ó lẹ́yìn búlùbù, kí ẹ tan dímù. Bí wáyà fúúlù bá fi fólítì 12 hàn ní dímù, tó wá bọ́ sí òdo nígbà tí ẹ gbé e sí fúúlù, irú èyí ni. Nígbà náà, ẹ so 85 mọ́ wáyà fúúlù yẹn, kí ẹ so 86 mọ́ wáyà tí dímù àti fúúlù jọ ń lò, kí swíìsì dáṣíbọ́ọ̀dù sì wà láàárín wáyà àjọlò yẹn àti 86. Ẹsẹ̀ 30 àti 87 kò yí padà.