Uric acid àti PAH: IVW sọ tirẹ̀, SLC2A9 sọ tirẹ̀. Èwo ni ká gbà?

Olùwádìí_Dátà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Uric acid (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń tọ̀ jáde) sábà máa ń ga lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ inú òpó ẹ̀dọ̀fóró wọn ń ru, ìyẹn PAH. Mo fẹ́ fi Mendelian randomization (MR), ìyẹn lílo ìyàtọ̀ inú jíìnì tí a bí mọ́ni láti wá ohun tó ń fa àìsàn, wò ó bóyá òun ló ń dá àìsàn náà sílẹ̀. Mo mú SNP (ìyàtọ̀ lẹ́tà kan nínú DNA) uric acid láti inú GWAS (ìwádìí tó ń wá SNP káàkiri gbogbo DNA) Tin ti 2019, mo mú ti PAH láti inú GWAS Rhodes ti ọdún kan náà. Nígbà tí mo kó gbogbo SNP pọ̀, IVW (ọ̀nà tó ń pa èsì gbogbo SNP pọ̀ di ìpíndọ́gba kan) fún mi ní OR (ìwọ̀n ewu àìsàn; 1 ni pé kò sí ìyàtọ̀) 1.20. Nígbà tí mo lo SLC2A9 (jíìnì kan tó ń darí uric acid) nìkan, kò sí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni mo máa kọ sílẹ̀?

Ọmọ_Jíìnì
Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ta kora lóòótọ́. Àwọn aláìsàn inú GWAS Rhodes kò ju 2,085 lọ, SNP kan ṣoṣo lè má lágbára tó. Ká ní SNP SLC2A9 yín gbé uric acid sókè ní 0.35 mg/dL, tí log odds rẹ̀ fún PAH (ìyẹn lógárídímù OR) jẹ́ 0.02, tí SE (ìwọ̀n àìdánilójú rẹ̀) sì jẹ́ 0.04. Ẹ fi 0.35 pín méjèèjì: 0.057 àti 0.114. OR á jẹ́ 1.06, ààlà ìdánilójú 95% rẹ̀ á lọ láti 0.85 dé 1.32. 1.20 yín ṣì wà nínú rẹ̀! "Kò sí nǹkan kan" kọ́ nìyẹn, dátà ni kò tó.

Bí wọ́n bá wá ta kora lóòótọ́, SLC2A9 ni mo máa tẹ̀ lé. GLUT9 ló ń ṣe, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí kíndìnrín fi ń dá uric acid padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo rs1260326, SNP inú jíìnì GCKR: ó ń yí triglyceride àti ṣúgà padà pẹ̀lú. Ohun tí ọ̀rá bá ṣe, uric acid ni ẹ máa dá lẹ́bi. Ẹ ya àwọn jíìnì agbérù uric acid sọ́tọ̀ (SLC2A9, ABCG2, SLC22A12), kí ẹ ṣírò wọn lọ́tọ̀ sí àwọn yòókù.

Aṣírò
Mo fara mọ́ ọn. Ẹ tún yẹ nǹkan wọ̀nyí wò. P kéré ju 5×10⁻⁸, r² (bí SNP méjì ṣe so pọ̀ tó) kéré ju 0.001 láàárín 10,000 kb (kb kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún lẹ́tà DNA), F (agbára SNP) ju 10 lọ. Pẹ̀lú r² yẹn, SNP kan péré ló sábà máa ń ṣẹ́ kù ní SLC2A9, MR-Egger (àyẹ̀wò bóyá àwọn SNP ń gba ọ̀nà mìíràn dé ibi àìsàn) ò sì lè ṣiṣẹ́ lórí ẹyọ kan. Bí ẹ bá fẹ́ púpọ̀, ẹ gba r² dé 0.1, kí ẹ wá fi mátíríìsì LD (bí àwọn SNP ṣe so mọ́ ara wọn) sínú IVW. Kí LD náà wá láti ara àwọn ará Yúróòpù bíi dátà yín. Ẹ má lo YRI, ìyẹn àwa Yorùbá Ìbàdàn inú 1000 Genomes, torí LD tiwa kúrú ju tiwọn lọ.

Ẹ yọ SNP A/T àti C/G tí ìwọ̀n allele (lẹ́tà tí SNP lè ní) wọn bá sún mọ́ 0.5. Kí ẹ sì wo rs2231142, SNP inú ABCG2, fúnra yín: T ló gbọ́dọ̀ gbé uric acid sókè. Bó bá yí padà, harmonise (títo allele dátà méjèèjì kí wọ́n bára mu) ti dàrú nìyẹn. Bí dátà kan bá wà ní µmol/L, 59.48 ni mg/dL kan.

Dókítà_Ẹ̀dọ̀fóró
Ẹ má gbàgbé pé PAH fúnra rẹ̀ ń gbé uric acid sókè. Ọkàn apá ọ̀tún ò lè ti ẹ̀jẹ̀ tó, kíndìnrín ò rí ẹ̀jẹ̀ tó láti tọ uric acid jáde. Furosemide tí a ń fún wọn tún ń dá kún un. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ò fi lè dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ ṣe é láti òdìkejì pẹ̀lú, kí PAH jẹ́ ohun tó ń fà á. Àwọn SNP tó ń gba ara eGFR (ìwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín) kọjá, ẹ fi multivariable MR (MR tó ń wo ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀) yà wọ́n sọ́tọ̀.

Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn PAH, agbára SLC2A9 lórí uric acid sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Bí ẹ bá lo beta (ìwọ̀n agbára SNP lórí uric acid) tó pa ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, ohun tí ẹ fi ń pín á kéré jù, èsì á sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá beta ti obìnrin nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ fi biobank (ibi tí wọ́n kó dátà ìlera àti jíìnì ọ̀pọ̀ ènìyàn sí) kún un, ẹ ṣọ́ra fún kóòdù àìsàn I27.2: àwọn tí ọkàn apá òsì wọn ló ń dà wọ́n láàmú pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi catheter wọn ìfúnpá wọn nìkan ló dájú: ìpíndọ́gba ju 20 mmHg, wedge (ìfúnpá tó ń fi ti apá òsì ọkàn hàn) kò ju 15, PVR (bí òpó ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń dènà ẹ̀jẹ̀ tó) ju 2 Wood unit.