Ẹ̀yin tó ka Jíọ́gíráfì: bàbá mi ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ ò ní sí níbẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ Tákìé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Mo ti ṣe WAEC, èsì rẹ̀ sì dáa: Jíọ́gíráfì B2, Economics B3, Ìṣirò C4, Gẹ̀ẹ́sì C5. JAMB tó ń bọ̀ ni mo ń múra sí. Jíọ́gíráfì ni mo fẹ́ kà, kì í ṣe ti òkúta àti ìkúukùu o, ẹ̀ka tó ń wo èèyàn: ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, ohun tó ń lé wọn kúrò níbẹ̀, ìdí tí ọjà fi wà níbí tí kò fi sí lọ́hùn-ún.

Bàbá mi ní Accounting ni kí n kà. Wọ́n ní ṣé tíṣà ni mo fẹ́ ṣe ni? Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ti jáde yunifásítì, ọ̀kan ṣì ń wá iṣẹ́ di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ni ìwé kékeré kan tí màámi ní. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà. Nínú ìwé yẹn, wọ́n kọ ọjọ́ ọjà gbogbo ìlú tí wọ́n ti ń ra èlùbọ́, iye tí kóńgò kan jẹ́ níbẹ̀, àti owó ọkọ̀. Nígbà tí mo jókòó tì í, mo rí i pé ìlú tó jìnnà jù kọ́ ni owó ọkọ̀ rẹ̀ wọ́n jù, ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ bàjẹ́ jù ni. Tí òjò bá sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn ìlú kan kì í sí nínú ìwé náà mọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé, torí ọkọ̀ kò lè wọ ibẹ̀. Mo wá ń rò ó pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ta ni wọ́n ń tajà fún lásìkò náà?

Ṣé irú nǹkan báyìí ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì? Iṣẹ́ wo ni mo lè tọ́ka sí fún bàbá mi?

Bọ̀dé Ṣábọ́

Àbúrò, má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ bàbá ẹ. Mo mọ àwọn tó ka Jíọ́gíráfì tó jẹ́ pé ilé ìwé aládàáni ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ, owó oṣù wọn ò sì tó gba yàrá kan. Tó o bá fẹ́ nǹkan tó bá a tan, yunifásítì LAUTECH nìyí nínú ìlú wa níbí. Wọ́n ní Urban and Regional Planning, wọ́n sì ní Transport Management. Ilé ni wàá ti máa lọ, kò ní sí wàhálà owó yàrá. Ìwé ẹ̀rí tí orúkọ iṣẹ́ wà lára ẹ̀ ni kó o gbà.

Ìyá Ìbejì Onímáàpù

Ẹ kú ìmọ̀ràn o, Bọ̀dá Bọ̀dé. Ti LAUTECH tẹ́ ẹ sọ yẹn, òótọ́ ni, mi ò ta kò ó. Ṣùgbọ́n Jíọ́gíráfì ni mo kà, òun náà ni mo ṣì fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Àbúrò mi, ohun tí màmá ẹ ń kọ sílẹ̀ yẹn, ojúlówó ẹ̀kọ́ ni. Lọ́dún 1933, ará Jámánì kan, Walter Christaller, ṣàlàyé ìdí tí ìlú ńlá àti ìlú kékeré fi tò bí wọ́n ṣe tò ní gúúsù orílẹ̀-èdè wọn. Ó ní ó dá lórí bí èèyàn ṣe múra tán láti rìn jìnnà tó kó tó ra nǹkan. Wọ́n máa kọ́ ẹ ní yunifásítì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́ ẹ, gbé ìwé màmá ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà tiwa, ọlọ́jọ́ márùn-ún ni: ìlú kan á ná tirẹ̀ lónìí, èkejì á ná tirẹ̀ lọ́la, kí alájàpá lè yí gbogbo wọn ká. Onírajà nìkan kọ́ ló ń rìn lọ́dọ̀ tiwa, ọjà náà ń rìn. Tó o bá lè fi ìwé èlùbọ́ bá Christaller jiyàn, o ti wọnú iṣẹ́ nìyẹn.

Sọ èyí náà fún bàbá: Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kano ní 1931, tó kọ́ni ní Ìbàdàn, tó ṣèwádìí lórí bí àwọn ìlú wa ṣe di ńlá, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ International Geographical Union, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Jíọ́gíráfì lágbàáyé, ní 1980. Ní 2017 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Vautrin Lud, tí àwọn onímọ̀ Jíọ́gíráfì kà sí Nobel tiwọn. 2022 ni bàbá papò dà.

Ó kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kó o rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé onímọ̀ Jíọ́gíráfì ni àwọn ń wá. Ẹni tó lè ya máàpù, tó lè ka èèyàn, tó sì lè sọ ohun tí iye náà túmọ̀ sí ni wọ́n ń wá. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni èmi ń bá wọn ṣe. Nígbà tí wọ́n ń lé rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jáde ní Nàìjíríà, máàpù tí wọ́n fọwọ́ yà ni wọ́n fi ń rán àwọn òṣìṣẹ́ jáde lápá Àríwá, àwọn abúlé kan ò sì sí nínú ẹ̀ rárá. Àwọn tó mọ GIS, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà ya máàpù àti fífi ṣàyẹ̀wò rẹ̀, ló wá wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, tí wọ́n ń sàmì sí gbogbo ibi tí ilé bá wà. Wọ́n tún fún àwọn òṣìṣẹ́ ní fóònù tó ń fi ibi tí wọ́n dé hàn, kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n fò. Oṣù kẹjọ 2020 ni WHO kéde pé oríṣi àrùn náà ti àdáyébá ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Máàpù wà lára ohun tó lé e lọ, mo sì fẹ́ kí bàbá ẹ gbọ́ ọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí lójú kọ̀ǹpútà rèé: páànù tuntun máa ń tàn yòò, kò ṣòro. Èyí tó ti dípẹtà ló ń dáni lágara, àwọ̀ ẹ̀ àti ti ilẹ̀ pupa kì í yàtọ̀ síra, odidi agbo ilé lè fò ẹ́ ru. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni mo máa ń tọ̀. Níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ mẹ́ta bá ti pàdé tí mi ò rí òrùlé kankan, ńṣe ni màá padà wò ó dáadáa, torí èèyàn ló la ọ̀nà yẹn.

Nítorí náà, má lọ gba ìwé ẹ̀rí lásán. Láti ọdún kìíní ni kó o ti gbé QGIS, ètò tí wọ́n fi ń ya máàpù, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ya àdúgbò ẹ sórí OpenStreetMap, máàpù àgbáyé tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Má sì sá fún ìṣirò statistics, òun ló ń ya àwọn tó ríṣẹ́ sọ́tọ̀. Lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, tó o bá fẹ́ túbọ̀ jinlẹ̀, AFRIGIST, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ máàpù àti GIS, wà nínú ọgbà OAU ní Ifẹ̀. RECTAS ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, láti 1972 ló ti wà. Àjọ ètò ìkànìyàn náà ń lo irú wa. Láti 2006 la ti ka èèyàn gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, wọ́n sún ti 2023 síwájú, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 sí ẹkùn kéékèèké fún un, iṣẹ́ máàpù sì ni. Tó bá jẹ́ ìfètò-sí-ìlú lo padà fẹ́ ṣe, o lè fi máásítà lórí Urban and Regional Planning kún un, kó o wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TOPREC, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùfètò-sí-ìlú sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Tákìé

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Mo kà á fún bàbá mi. Wọ́n tẹ́tí sí i dé ìparí, wọ́n ní kí n tún ka ti abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹn. Wọ́n wá ní kí n béèrè pé, tí Yunifásítì Ìbàdàn tí mo fẹ́ lọ ò bá gbà mí ńkọ́?

Tíṣà Àgbà, Ọ̀yọ́

Ọmọ mi, Jíọ́gíráfì ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì. Inú mi ò dùn sí bí wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́ tíṣà bí ẹni ń ṣépè, ṣùgbọ́n ó yé mi pé owó ni bàbá ẹ ń rò.

Ohun kan wà tí ìyá ìbejì ò mẹ́nu bà. Ìlú tìrẹ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí ogun ń tú Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀ ká, Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára ibi tí àwọn èèyàn sá wọ̀, ìlú náà fi bẹ́ẹ̀ gbòòrò. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ wọn di oníṣòwò, wọ́n tẹ̀ lé ọjà dé apá Àríwá Gáná, Tamale àti àyíká rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáná nígbà náà, ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ ló fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbẹ̀. Ibo ni wọ́n padà sí? Ta ló fún wọn nílẹ̀? Àwọn wo ló tún kọjá lọ sí Jos àti Kaduna? Iṣẹ́ àṣekágbá ti ọdún kẹrin rẹ ti wà nílẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí. Má dúró de 400 level. Lọ bá wọn, gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù rẹ.

Ní ti ìbéèrè bàbá: fi Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ ṣe ààyò kìíní, má fi Ìbàdàn sípò kejì, wọn kì í sábà wo àwọn tó fi ibẹ̀ ṣe ààyò kejì. Jíọ́gíráfì gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tó o máa ṣe ní JAMB. Mú Economics àti Ìṣirò mọ́ ọn, kó o sì yẹ ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ti ọdún yìí wò kó o tó san owó. Urban and Regional Planning ní LAUTECH lè jẹ́ ààyò kejì. Tí kò bá bọ́ sí i lọ́dún yìí, má jókòó sílé. Gba NCE tó ní Jíọ́gíráfì nínú, kó o fi Direct Entry wọ 200 level. Ilé ìwé Federal School of Surveying sì wà níbí ní Ọ̀yọ́, láti 1908 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọwọ́ ẹ á mọ́ ìwọnlẹ̀ àti máàpù níbẹ̀ dáadáa.

Tí bàbá ẹ bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ bi mí, kí wọ́n kọ ọ́ síbí. Mo máa ń yọjú lálẹ́ lẹ́yìn ìròyìn aago mẹ́sàn-án.