Òjò pọ̀, NDVI náà dáa, kí ló dé tí ìṣirò mi ò bá ìkórè mu lọ́dún ọ̀dá?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ máa mọ iye tọ́ọ̀nù tí hẹ́kítà kan máa mú wá kí wọ́n tó kórè, ọkà bàbà àti jéró ni, oko tí wọn ò bomi rin rárá, òjò nìkan ló gbójú lé. NDVI (iye tó ń sọ bí ewé ṣe tutù tó lórí ilẹ̀) ti MODIS, ẹ̀rọ ayàwòrán tó wà lórí sátẹ́láìtì, ni mo lò, mo ro òjò CHIRPS (dátà òjò tí wọ́n fi sátẹ́láìtì àti ẹ̀rọ ìwọnjò ṣírò) ti gbogbo àsìkò pọ̀ lójú kan, mo wá kó gbogbo ẹ̀ fún random forest, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi dátà àtẹ̀yìnwá kọ́ bó ṣe máa ṣírò ìkórè. Tí mo bá dán an wò ó ń gbé e gan-an, àmọ́ tí ọ̀dá bá dá báyìí, á ní ìkórè máa pọ̀, kò sì ní rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe? Ọdún ọ̀dá gan-an làwọn èèyàn nílò èsì yìí jù.

Ìdáhùn: Àbúrò, òjò tí o rò pọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Òjò milimítà 400 tó rọ̀ tán níbẹ̀rẹ̀ àsìkò, kì í ṣe ẹgbẹ́ 400 tó pín ara ẹ̀ títí dìgbà tí ọkà ń yọ orí. Tílẹ̀ bá gbẹ lásìkò tó ń tanná yẹn, ewé lè ṣì tutù yọ̀yọ̀ kí orí ọkà máà lọ́mọ nínú, ewé ni sátẹ́láìtì sì ń rí, kò rí ọmọ ọkà. Pín òjò náà sí ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, kí o wá ka iye ọjọ́ tí òjò fi dá tẹ̀léra ní àsìkò ìtànná. Má fi kàlẹ́ńdà kà á o, torí òjò lè pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan, ìgbà tí NDVI bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ni kí o ti máa kà.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ẹ wo píksẹ́lì náà, ìyẹn ẹyọ kékeré kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán sátẹ́láìtì, ti MODIS jẹ́ mítà 250 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, hẹ́kítà 6 àti díẹ̀ ló wà nínú ẹyọ kan, oko, igi, pápá, gbogbo ẹ̀ ti dàpọ̀. Lọ́dún ọ̀dá, igi tí gbòǹgbò ẹ̀ jìn á ṣì tutù nígbà tí ọkà ti rọ, NDVI á wá dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹ fi àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 tí píksẹ́lì ẹ̀ jẹ́ mítà 10 ya ibi tó jẹ́ oko sọ́tọ̀ ná.

Ìdáhùn: Báwo lẹ ṣe dán an wò? Tẹ́ ẹ bá kàn da dátà rú kẹ́ ẹ tó pín in, ọdún kan náà máa wà lápá méjèèjì, random forest yín ti mọ bí ọdún yẹn ṣe rí. Ẹ yọ ọdún kan odindi kúrò, ẹ jẹ́ kó fi ìyókù kọ́, kó wá sọ ti ọdún tẹ́ ẹ yọ, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe é kárí. Nǹkan míì ni pé random forest kì í sọ iye tó kéré ju èyí tó kéré jù tó ti rí rí lọ, tí ọdún ọ̀dá bá wọ́n nínú dátà yín, ibẹ̀ ló máa há sí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an! Mo dà á rú lóòótọ́. Ìgbà wo ni mo wá lè gbé iye jáde?

Ìdáhùn: Tí ọkà bá ti tanná tán. Ṣáájú ìgbà yẹn, sọ ibi tó lè kéré dé àti ibi tó lè pọ̀ dé, má dá iye kan ṣoṣo fún wọn.