Yunifásítì márùn-ún fẹ́ bá mi ṣe ìwádìí irú: kí ni kí n béèrè kí n tó fọwọ́ síwèé?

Olùkọ́ Onírú

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Olùkọ́ ni mí ní ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì ìjọba kan. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lórí irú. Àwọn ìyá mọ́kànlá kan wà ní ìlú ìyá mi tí wọ́n ń se irú wooro àti irú pẹ̀tẹ̀ tà. Mo máa ń bu díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo sì ń wá àwọn bakitéríà tó ń sọ irúgbá di irú. Owó oṣù mi ni mo fi ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí nǹkan gbà nílé-ẹ̀kọ́. Báyìí, mo ní 140 nínú fírísà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ni Bacillus subtilis, bí ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe irú rí ṣe lè rò.

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ yunifásítì márùn-ún kan kọ̀wé sí wa, méjì ní Yúróòpù, mẹ́ta ní Áfíríkà. Wọ́n ní àwọn ti jókòó, àwọn sì ti yan ohun mẹ́rin tí àwọn yóò jọ máa wádìí fún ọdún márùn-ún. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni oúnjẹ tí a máa ń bò mọ́lẹ̀ kó tó di jíjẹ, bí irú àti ògìrì, àti ohun tó ń ṣe fún ìfun ènìyàn. Inú mi dùn títí mo fi ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tèmi kò ju ìlà mẹ́ta lọ: kí n kó irú jọ, kí n fi bakitéríà mi ránṣẹ́ sí láàbù wọn, kí n bá wọn bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀. Orúkọ mi kò sí lára àwọn tí yóò kọ ìwé jáde. Owó tó kàn wá kò tó ìdá kan nínú ogún.

HOD mi, olórí ẹ̀ka wa, ní kí n tètè fọwọ́ sí i, pé ẹni tí wọ́n pè síbi àsè kì í béèrè iye ẹran tó wà nínú ọbẹ̀.

Mo lọ bá àwọn ìyá yẹn ní Sátidé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wà lórí irúgbá tó ti sè mọ́jú, ó di ògiri mú, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè ṣí. Mo ṣàlàyé fún un. Kò dúró. Ó ní, "Àwọn tó wá lọ́jọ́sí, tí wọ́n fi ike kékeré bu irú wa lọ, ṣé wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá?"

N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n béèrè? Àbí kí n má wọ̀ ọ́ rárá?

Kò-ní-sùúrù

Má wọ̀ ọ́. Wọ́n ti yan ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí tán kí wọ́n tó rántí rẹ. Kí lo wá fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, aláàárù?

Ọ̀rọ̀ pé kí o kó bakitéríà lọ sí Yúróòpù gan-an ló bí mi nínú jù. Nígbà tí kòrónà wọ Nàìjíríà ní 2020, Ẹdẹ ni wọ́n ti ka àbùdá rẹ̀, ní ACEGID, ilé ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn tó wà ní Redeemer's University, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá lè ka ti kòrónà ní Ẹdẹ, ṣé ti irú ló máa wá nira?

Bàbá Fírísà

Kò-ní-sùúrù, o ò jẹ́ kí ènìyàn jókòó kó tó o bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ní 2019, iná lọ lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Jímọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó tan fúnra rẹ̀ kò tan, ẹni tó yẹ kó wò ó sì ti lọ sí ìnáwó. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ajé, omi ti ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ni. Mo jókòó sórí ìgò gáàsì òfìfo kan, n kò lè sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, àbúrò, kí bakitéríà rẹ wà níbi méjì kì í ṣe ohun burúkú. Ohun burúkú ni kí ó lọ láìsí ìwé. MTA ni kí o ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ìwé tó sọ pé tìrẹ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ ni, pé iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, pé wọn kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn, pé bí ohunkóhun bá jáde níbẹ̀ tí wọ́n lè tà, ẹ ó tún jókòó. Àdéhùn Nagoya ti 2010 wà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọdún 2014 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i. Àwọn ará Yúróòpù mọ̀ ọ́n dáadáa, òfin wọn ló mú wọn. Bí o bá dárúkọ rẹ̀ nínú ímeèlì, wà á rí i pé ohùn wọn á yí padà.

Wà á fi oṣù méjì wá ẹni tó máa fọwọ́ sí MTA náà nílé-ẹ̀kọ́ tìrẹ o. Bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀gbọ́n Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti ibí. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ìwádìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa.

Yunifásítì tó bá jẹ́ olórí iṣẹ́ ni yóò jíhìn gbogbo kọ́bọ̀. Bí ìwé ẹ̀rí ìnáwó kan bá sọnù lọ́dọ̀ yín, àpò tiwa ni wọn yóò ti yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń da ìbéèrè bo bọ́ṣárì yín, kì í ṣe pé a rò pé olè ni yín (ó dáa, àwọn kan rò bẹ́ẹ̀).

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sọ síta. Ọ̀pọ̀ irú owó báyìí, orúkọ yín la fi ń rí i gbà. Bí kò bá sí alábàáṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, fọ́ọ̀mù náà kò ní kọjá tábìlì àkọ́kọ́. Ẹ̀yin lẹ ní irú, ẹ̀yin lẹ ní àwọn ìyá yẹn. Agbára yín pọ̀ gan-an kí wọ́n tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó ti tán. Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ béèrè, kó wọlé kí ọjọ́ Ẹtì yẹn tó pé.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò owó ránṣẹ́, èyí tó tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kì í ṣe àròpọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ owó oṣù sí. Bí tiwọn bá jẹ́ owó oṣù, tí tiyín jẹ́ "owó ọkọ̀ àti ìpanu", ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń wò yín. Ẹ tún wo ẹni tó ra ẹ̀rọ àti ibi tí ẹ̀rọ náà yóò wà bí iṣẹ́ bá parí.

Ẹ sì béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí owó bá dúró láàárín. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ní oṣù kẹta 2021, UKRI, àjọ tó ń pín owó ìwádìí ní Bìrìtéènì, kéde pé owó ìrànwọ́ tó wọlé fún àwọn fi £120 mílíọ̀nù dín sí ohun tí àwọn ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀. A pe àwọn ènìyàn ní Áfíríkà lórí fóònù láti sọ fún wọn, mo rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní oṣù karùn-ún 2025, NIH, àjọ tó ń fún ìwádìí ìlera lówó ní Amẹ́ríkà, náà ní àwọn kò ní jẹ́ kí yunifásítì tó gba owó tuntun máa pín in fún ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ẹni tó ti gba ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Àgbà Àpérò

Ẹ̀gbọ́n Leeds ti sọ ọ́ tán. N ó fi díẹ̀ kún un, torí mo rí i pé àwọn kan rò pé ẹgbẹ́ yunifásítì túmọ̀ sí pé kí òyìnbó máa darí wa.

ARUA, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì oníwàádìí ní Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dakar ní 2015, yunifásítì 16 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, gbogbo wọn ní Áfíríkà. Ìbàdàn wà níbẹ̀, UNILAG wà níbẹ̀, Ifẹ̀ wà níbẹ̀. Legon ní Àkkrà ni ọ́fíìsì wọn wà. Wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, UNILAG ló ń gbé ọ̀rọ̀ ìlú ńlá àti ibùgbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkó á mọ̀ pé wọ́n rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n wá bá The Guild, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì Yúróòpù, dá àwọn agbo ìwádìí sílẹ̀ ní 2023, ètò tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé kí àwọn ará Áfíríkà àti àwọn ará Yúróòpù jọ máa darí. Nítorí náà, bí o bá ní kí wọ́n fi ẹ jẹ olórí kejì fún apá irú, kì í ṣe àfojúdi. Àwọn mìíràn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Olùkọ́ Onírú, ṣé o ní ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú CARTA, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn olùwádìí ní Áfíríkà, nìyẹn, láti 2008 ni wọ́n ti wà, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú Makerere, Wits àti àwọn mìíràn. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fúnra wọn ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́ láti gba PhD, wọ́n á jọ jókòó ní ìpàdé ńlá mẹ́rin, lẹ́yìn náà kálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Béèrè àyè PhD kan, ó kéré tán. Irú tí wọ́n kó lọ lè tán, ọmọ tó gba PhD á ṣì wà ní ẹ̀ka yín.

Olùkọ́ Onírú

Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Ìbejì, ó wà, obìnrin kan ni, ó mọ àwọn ìyá yẹn jù mí lọ, òun ni wọ́n máa ń fi irú ránṣẹ́ sí. Àyè PhD ti wọ ímeèlì.

Mo béèrè ìwé ìṣirò owó lánàá, wọ́n sì fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí láìjanpata, ó yà mí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n Leeds, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí: "ọkọ̀ àti oúnjẹ".

Ọmọ Ìyá Onírú

Ẹ má bínú, mi ò kàwé tó yín. Irú ni ìyá mi fi rán mi lọ sílé-ẹ̀kọ́. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ dáa, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò tíì béèrè ohun tí àwọn ìyá náà fẹ́. Ìfun ènìyàn kọ́ ni ìṣòro wọn. Igi ìdáná ti gbówó lórí, irúgbá máa ń wà lórí iná fún odidi ọjọ́ kan kó tó rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀. Orúnkún ìyá mi kò ṣeé tẹ̀ mọ́ láti ọdún kẹta sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin ló ń tẹ irúgbá báyìí. Nínú yunifásítì márùn-ún, ṣé kò sí èyí tó ní ẹ̀ka tó ń ṣe ẹ̀rọ?

Kò-ní-sùúrù

Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ yìí, kó wọ̀ ọ́.

Bàbá Fírísà

Wò ó, ìyẹn gan-an ni ìlò ẹgbẹ́. Láàbù ẹnìkan ní ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá, ti ẹnìkan mọ irin jó, ìwọ ní àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n má gbàgbé MTA o.

Olùkọ́ Onírú

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ibi tó já sí. Mo kọ̀wé sí wọn ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìyá Onírú ṣe ohun àkọ́kọ́. Wọ́n gbà kí n jẹ́ olórí kejì fún apá irú. Wọ́n gbà MTA, wọ́n ní àwọn fúnra wọn ní fọ́ọ̀mù rẹ̀, wọn kàn kò rò pé mo máa béèrè ni. Owó oṣù fún ọmọ iṣẹ́ kan àti àyè PhD kan ti wọlé. Owó tèmi fúnra mi, wọ́n ní àwọn ṣì ń wò ó.

Lórí ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó wà ní Áfíríkà ní ẹ̀ka ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, ọ̀gá kan níbẹ̀ ní òun ti ṣe èyí tó ń bó ẹ̀wà rí, òun á fẹ́ gbìyànjú ti irúgbá. Inú mi dùn, mo wakọ̀ lọ sọ fún ìyá àgbà.

Ó gbọ́ mi dé òpin, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó bá máa fọ́ wóró sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n má gbé e wá, torí ẹni tó bá fẹ́ ra wooro kò ní ra èyí tó ti fọ́, pẹ̀tẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fi ṣe, pẹ̀tẹ̀ kì í sì í tà lọ́jà tiwọn bíi wooro. Ó bu ìkúnwọ́ kan fún mi, èyí tó ti bó tí kò fọ́, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà kó lè mọ bó ṣe yẹ kó rí. Ó wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì mi báyìí. Bàbá Fírísà, ṣé ìyẹn náà nílò MTA?