"Akọ òkúta" kò lè dúró fún gbogbo òkúta Himalaya

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àkọsílẹ̀ kan lórí bí òkúta òkè Himalaya ṣe rí lábẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn agun-òkè bi wá pé ṣé kò burú bí òun bá lo "akọ òkúta" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi ní kò burú. Wọ́n ní ohun tí òǹkàwé fẹ́ mọ̀ kò ju pé ibẹ̀ le, ó sì ga. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Bí a bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn, ohun tí àkọsílẹ̀ náà ń sọ ti sọnù nìyẹn, nítorí kókó rẹ̀ ni pé àwọn òkúta wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, àti pé bí wọ́n ṣe bí kálukú wọn ló ń pinnu ibi tí ọwọ́ yóò ti rí nǹkan dì mú àti ibi tí ẹsẹ̀ yóò ti yọ̀.

Akọ òkúta ní èyí tó ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá ti fọ́ òkúta rí mọ̀ ọ́n: èyí tó le koko, tí hóró inú rẹ̀ ń dán yinrinyinrin, tí kò ya ní pẹlẹbẹ. Inú ooru abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti yọ́, tó wá dì díẹ̀díẹ̀ láìfojú kan afẹ́fẹ́. Òun ló pọ̀ jù lára Makalu, òkè karùn-ún tó ga jù láyé, 8,485 mítà. Nígbà tí ilẹ̀ Íńdíà ti rọ́ lu ilẹ̀ Éṣíà, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn, tó sì ń bá a lọ láti máa wọ abẹ́ rẹ̀, apá kan nínú àpáta ìsàlẹ̀ gbóná títí ó fi yọ́. Omi òkúta yẹn wá wọ inú àpáta tó wà lókè rẹ̀, ó sì dì síbẹ̀. Bí ó bá ń dì, ó máa ń sán ní ìlà gígùn, tó tọ́. Ìlà sísán yìí ni agun-òkè ń wá: ibẹ̀ ló ń ki ìka bọ̀, ibẹ̀ ló ń fi irin há sí kó lè so okùn mọ́ ọn, ó sì mọ̀ pé etí rẹ̀ kò ní ṣá mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹ wá wo Thalay Sagar ní apá Gangotri ní ilẹ̀ Íńdíà, 6,904 mítà péré, tó kéré sí àwọn àgbà òkè wọ̀nyẹn dáadáa. Ògiri àríwá rẹ̀ jẹ́ akọ òkúta láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti ń sún mọ́ orí, akọ òkúta náà tán lójijì. Ohun tó kù lókè jẹ́ òkúta dúdú tí a fi amọ̀ ìsàlẹ̀ omi ṣe, tó ń ya ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tó ń bọ́ sí èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó ti fi ọjọ́ púpọ̀ gun ibi tó le gan-an tí kò yẹ̀, ibi tó dà bíi pé ó rọrùn lójú ni òkúta ti wá já a kulẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ "akọ òkúta" sí ìsàlẹ̀, tó tún kọ ọ́ sí òkè, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ ìdí tí àwọn kan fi yí padà nígbà tí orí òkè ti wà lójú wọn? Òkúta òkè yẹn, "òkúta amọ̀" ni mo máa pè é.

Nítorí náà ni mo ṣe ń dábàá pé kí a kọ́kọ́ ní orúkọ fún ìdílé mẹ́ta, kí orúkọ ọmọ tó tẹ̀ lé e. Èyí tó yọ́, tó sì dì, ẹ jẹ́ ká pè é ní òkúta ayọ́dì. Akọ òkúta jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀ omi, tí òmíràn tún lé e lórí títí ó fi dì, òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu wa fún ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò, n kò rí ìdí tí a ó fi wá òmíràn. Ẹ̀kẹta ni òkúta aparadà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti dábàá "òkúta àyípadà" ṣáájú, kò sì burú, àmọ́ àyípadà lè ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá, ó sì lè jẹ́ pé ohun náà yọ́ pátápátá. Òkúta tí à ń sọ yìí kò yọ́. Líle ló wà tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ fi yí ara rẹ̀ padà, tí hóró inú rẹ̀ tún ara wọn tò. Paradà ló ṣe.

Orí Everest gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù, nítorí pé ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ìsàlẹ̀ òkè náà jẹ́ òkúta aparadà, akọ òkúta aláwọ̀ funfun sì ki ara rẹ̀ bọ àárín wọn ní ìpele ìpele. Lókè rẹ̀ ni ibi tí àwọn agun-òkè mọ̀ dáadáa wà, èyí tí mo fẹ́ ká pè ní Ọ̀já Ìyeyè, nítorí ó yí òkè náà ká ní àwọ̀ ìyeyè tí èèyàn ń rí láti òkèèrè. Òkúta inú ọ̀já yìí ti fìgbà kan jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ òkun. Ooru ló sọ ọ́ di mábù. Àwọn tó ń gba ìhà gúúsù ń pàdé rẹ̀ lójú Lhotse, òkè tó fara kọ́ Everest, ní nǹkan bíi 7,600 mítà. Wọ́n á ti máa tẹ yìnyín bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n á wá bá ara wọn lórí mábù tó dán, pẹ̀lú eyín irin tí wọ́n so mọ́ abẹ́ bàtà, tí irin náà ń ha òkúta, tí kò sì wọlé.

Lókè ọ̀já yìí ni òkúta ti di irú mìíràn pátápátá, títí dé ṣóńṣó, 8,848.86 mítà gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ Nepal àti Ṣáínà ṣe jọ kéde rẹ̀ ní December 2020. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ òkun tí kò jìn ni, tó ti lé ní mílíọ̀nù 400 ọdún. Bí wọ́n bá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi awò wò ó, wọ́n á rí àfọ́kù ara àwọn ẹran omi àtijọ́ tí irú wọn ti parun nínú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀gbọ́n ti bi wá bóyá "òkúta ẹfun" (limestone) ló yẹ nìyí.

Àǹtí kan láàárín wa tako ẹfun. Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ ẹfun yóò rò pé funfun ni, àti pé ó rọ̀ débi tí èèyàn lè fi í kọ nǹkan sára ògiri, bẹ́ẹ̀ eérú ni àwọ̀ òkúta orí Everest, ó sì le. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n wá ní kí a pè é ní "òkúta ìkarahun". Ọ̀rọ̀ náà wù mí létí, ṣùgbọ́n òkúta náà fúnra rẹ̀ kò gbà. Ní nǹkan bí 70 mítà sí ṣóńṣó, ìpele kan wà tó nípọn tó 60 mítà, tó wà ní ẹsẹ̀ ibi kẹta nínú àwọn ibi gíga tí mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ wọn. Ìkarahun kọ́ ló ṣe ìpele yẹn. Ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò rí ló tẹ́ ara wọn sísàlẹ̀ omi, tí ara wọn ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ tó ń kọjá, tí wọ́n ń so ó pọ̀, lórí ara wọn, lórí ara wọn, títí ó fi di òkúta. Tí a bá ní ìkarahun, irọ́ la pa mọ́ apá tó sún mọ́ ọ̀run jù láyé. Ẹfun kò sọ ẹni tó ṣe é, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló sọ, àwọn tó ti kàwé sì ti mọ òkúta ẹfun bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dì í mú, kí ẹ̀gbọ́n kàn fi kún un nígbà àkọ́kọ́ pé aláwọ̀ eérú ni, ó sì le.

Ohun tí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fò ni ibi tí ìpele rẹ̀ da orí kọ. Gbogbo ìpele òkúta ẹfun yìí da orí kọ àríwá. Nítorí náà, ẹni tó ń gba ìhà àríwá gòkè, láti Tibet, orí awẹ́ òkúta tó da sísàlẹ̀ lọ sí ọ̀gbun ló ń tẹ̀, awẹ́ kan gun orí èkejì bí páànù òrùlé. Kò sí etí tí ìka lè kọ́. Òjò dídì tó dà bí ìyẹ̀fun ń kó sórí rẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan òkúta. Ibẹ̀ ni Edward Norton, agun-òkè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ní 4 June 1924, ní nǹkan bíi 8,570 mítà, láìlo afẹ́fẹ́ inú agolo, kó tó yí padà. Ibẹ̀ kò ga bí ògiri rárá, òkúta tó kọ ẹ̀yìn sí i ló dá a dúró. Ní ìhà gúúsù, ìpele kan náà da sínú òkè, etí awẹ́ ló kọjú sí èèyàn. Òkè kan, òkúta kan, ìwà méjì, nítorí ibi tí ìpele da orí kọ. Bí ìtumọ̀ wa kò bá gbé èyí yọ, kí la wá túmọ̀?

Mo wá dé orí àwọn ibi mẹ́ta tó dábùú ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́ àríwá-ìlà-oòrùn Everest. Orúkọ tí Òyìnbó fún wọn túmọ̀ sí ìgbésẹ̀ tàbí àtẹ̀gùn, ẹ̀gbọ́n sì ti kọ "Ìgbésẹ̀ Kejì". Ìgbésẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí èèyàn gbé, kì í ṣe ohun tó gbé e lé. "Àtẹ̀gùn" tí àwọn kan fi rọ́pò rẹ̀ sàn díẹ̀, àmọ́ àtẹ̀gùn jẹ́ ohun tí wọ́n ṣe kí gígùn lè rọrùn. Ohun tó wà níbẹ̀ yàtọ̀: níbi tí ìpele òkúta tó le bá ti wà lórí èyí tó rọ̀ jù ú lọ, èyí tó rọ̀ ń jẹ sẹ́yìn, èyí tó le sì dúró gangan. Èkejì nínú wọn, ní nǹkan bíi 8,610 mítà, fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó K2, òkè kejì tó ga jù láyé, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Nígbà tí àwọn ará Ṣáínà gbà á kọjá ní May 1960, Qu Yinhua bọ́ bàtà rẹ̀ kó lè gun èjìká ẹnìkejì rẹ̀ láìṣe é léṣe, òtútù sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé ó pàdánù ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ní 1975, àwọn ará Ṣáínà tún padà, wọ́n so àkàsọ̀ irin mọ́ ọn. Ẹ gbìyànjú láti kọ ọ́ pé wọ́n so àkàsọ̀ mọ́ àtẹ̀gùn, kí ẹ gbọ́ bó ṣe dún.

Èmi yóò pè é ní ògiri: Ògiri Kìíní, Ògiri Kejì, Ògiri Kẹta. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní ọwọ́ èèyàn ló ń mọ ògiri. Ṣùgbọ́n a máa ń sọ fún ẹni tó dúró síwájú àpáta tó dúró gangan pé ó ko ògiri. Yíyan orúkọ yìí ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn. Noel Odell, onímọ̀ ilẹ̀ tó bá ẹgbẹ́ agun-òkè Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1924 lọ, tó sì mọ̀ pé òkúta ẹfun ló wà lókè yẹn, lẹni tó rí George Mallory àti Andrew Irvine, agun-òkè méjì tí kò padà wálé mọ́, kẹ́yìn, ní 8 June. Ó rí wọn lórí ọ̀kan nínú àwọn ògiri wọ̀nyí, lójú ìkùukùu tó là díẹ̀. Èwo nínú wọn? Títí di òní ni wọ́n ń jà lórí rẹ̀, nítorí bí ó bá jẹ́ Ògiri Kejì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sún mọ́ orí òkè ju bí a ṣe rò lọ. Òǹkàwé tí a fi "ìgbésẹ̀" rú lójú kò ní mọ ohun tí ìjà náà dá lé.

Fún òkúta aparadà, Nanga Parbat ni kí ẹ̀gbọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, 8,126 mítà ní Pakísítánì, tí ojú Rupal rẹ̀ ga tó 4,600 mítà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. K2 náà ní irú òkúta aparadà yẹn, ṣùgbọ́n àárín àwọn òkè Karakoram ni K2 wà, kì í ṣe Himalaya gan-an. Kí ó má ṣe dà wọ́n pọ̀.

Ọ̀kan ló kù tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀wò. Láàárín Ọ̀já Ìyeyè àti òkúta ẹfun orí Everest, ojú kan wà tí èyí tó wà lókè ti yẹ̀ kúrò lórí èyí tó wà nísàlẹ̀, tó sì ṣí lọ sí àríwá. Ẹ̀gbọ́n kọ "ibi tó sán". Sísán kò tó, nítorí ògiri lè sán kí apá méjèèjì ṣì wà níbi tí wọ́n wà. "Ojú ìyẹ̀" ni mo ní lọ́wọ́, torí pé ó sọ ìṣípòpadà. Ẹlòmíràn lè ní "ojú ìyọ̀" ló dára jù, nítorí ó sún mọ́ bí ohun kan ṣe ń yọ̀ lórí èkejì, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á rò pé ibẹ̀ ń yọ̀ fún ẹsẹ̀ agun-òkè. Ẹ̀yin tí ẹ ti ilé àwọn tó ń gbẹ́ kànga tàbí àwọn tó ń fọ́ òkúta wá, kí ni wọ́n ń pe ibi tí òkúta kan ti kúrò lórí òkúta kejì?