Àyà ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń ṣe scan, ṣé oyún wà láyà ni?

Ìyá Bísí, Kubwa: Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọyẹ́ ìlú yìí sì mú wọn. Ikọ́, ibà, wọn ò lè jẹun. Àyẹ̀wò ní kòrónà ni. Dókítà kékeré kan wọlé, ó da nǹkan tútù tó ń yọ̀ bí ilá sí wọn láyà àti lẹ́yìn, ló bá ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aboyún rìn kiri ara wọn, ojú fóònù ló tẹjú mọ́. Búbá léèsì wọn ti bàjẹ́! Owó gọbọi, kò sì ya X-ray. Ọkọ mi wà ní Èkó, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń sọ káàkiri pé mo háwọ́. Ṣé wọn ò kàn fẹ́ jẹ mí lówó báyìí?

Alhaja Kàdúná: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Lọ́dún 2020, róòbù nínú omi gbígbóná ni mo fi aṣọ bò mọ́lẹ̀, mo ń fà á símú. Atalẹ̀ náà dáa.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ooru omi kì í wo ẹ̀dọ̀fóró. Ìyá Bísí, kò sí jìbìtì níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ kún, ìlà tó dùbúlẹ̀ léra ló máa ń hàn. Bí omi bá ti ń wọ̀ ọ́, ìlà funfun á máa já wálẹ̀ tààrà. Tó bá ti pé mẹ́ta lójú kan, nǹkan ti ń ṣe. Ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ ni kòrónà sábà máa ń mú, ìdí nìyẹn tó fi wo ẹ̀yìn. Kò sí pé à ń ti aláìsàn lọ sí yàrá X-ray, kó máa kó o ran èèyàn lọ́nà. Àmọ́ scan ò lè sọ irú kòkòrò tó jẹ́. Ọ́síjìn wọn ńkọ́? Ọmọ ọdún mélòó?

Baba Ìbejì, Dutse: Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ máa gbèjà ara yín lọ! Ti ẹ̀gbọ́n mi, scan ní kò sí nǹkan, X-ray ló rí i.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Ohun tó bá fara pamọ́ sáàárín, tí kò kan etí ẹ̀dọ̀fóró, scan kì í rí i. X-ray náà máa ń tàsé kòrónà níbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn dáhùn.

Ìyá Bísí, Kubwa: Ẹ má bínú, mo ń dáná. Ọdún 68. Mi ò háwọ́ o! Wọ́n fẹ́ dá wọn dúró, mo kọ̀, torí yàrá yẹn gbóná bí nǹkan míì. A ti wà nílé. Èyí tí wọ́n kì bọ̀ wọ́n níka sọ pé ọ́síjìn wọn jẹ́ 91. Dókítà ní òun á wo ọkàn wọn náà, mo ní kí ló kan ọkàn, torí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tán kí wọ́n tó wá? Wọ́n ń sùn dáadáa, orí àga ṣá ni. Wọ́n ní táwọn bá dùbúlẹ̀, èémí á há.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Áà! Ẹsẹ̀ wọn wú?

Ìyá Bísí, Kubwa: Ó wú díẹ̀. Ìrìn àjò ni.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Ẹ gbé wọn padà nísinsìnyí! Bí ọkàn ò bá lágbára mọ́, omi á máa rọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, ìlà funfun kan náà ló máa hàn. Ohun tó fẹ́ fi yà á sọ́tọ̀ lẹ kọ̀ yẹn. Kí wọ́n jókòó nínú mọ́tò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀.

Alhaja Kàdúná: Ẹ fi róòbù sílẹ̀ o, ẹ máa lọ.

Ìyá Bísí, Kubwa: Àbúrò ọkọ mi ò gbé fóònù. Ta ni màá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún?

Baba Ìbejì, Dutse: Apá ibo ní Kubwa? Mo ní mọ́tò, ìyàwó mi á jókòó ti àwọn ọmọ.